Orí Kẹfà: Ọbẹ̀ Ló Ni Àwo

Nígbà tí dókítà bá sọ fún ènìyàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí pé ṣúgà ti pọ̀ jù lára rẹ̀, ìbéèrè tí ará ilé máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé irú òkèlè wo ló kù tí aláìsàn yóò máa jẹ. Ṣé kó fi ẹ̀bà sílẹ̀ ni? Ṣé àmàlà ò léwu? Àbí wíìtì ló kàn báyìí? Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n ó ti gbójú fo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú orí yìí ni pé ọbẹ̀ gan-an ni oúnjẹ Yorùbá. Òkèlè kàn ń gbé e dé ẹnu ni. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni fítámì, purotéènì àti fáíbà wà. Inú ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni iyọ̀ àjẹjù àti epo tó ti jóná ń gbà wọlé. Ìlera ẹni tó ń jẹ oúnjẹ ilẹ̀ wa, ì báà jẹ́ nílé, ì báà jẹ́ ní búkà, dúró lórí bí ọbẹ̀ ti pọ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkèlè, ohun tí a fi mú un dùn, àti ohun tí ojú epo rẹ̀ rí lórí iná. Irú òkèlè tó wà nínú àwo ń tẹ̀lé ìwọ̀nyí lẹ́yìn ni.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wá láti Ìgbó-Ọrà. Ní àwọn ọdún 1990, Richard Cooper àti àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó bá a ṣiṣẹ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: àwọn tó ṣì wà nílé ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, àwọn tó wà ní Jàmáíkà, Saint Lucia àti Barbados, àti àwọn tó ń gbé ní Maywood lẹ́bàá Chicago. Ìgbó-Ọrà wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é ní Nàìjíríà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù Karibíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń jìnnà sílé ni àìsàn náà ń pọ̀ sí i. Ní 2001, iṣẹ́ mìíràn gbé ohun tó jọ ọ́ jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Hugh Hendrie ti Indianapolis wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì sì bá a lọ lẹ́yìn ikú Ọ̀ṣúntókun. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀lé àwọn arúgbó Ìdíkàn n'Íbàdàn àti àwọn arúgbó aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó ní Ìdíkàn, àwọn tí àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.15, ní Indianapolis, ó jẹ́ 2.52.

Ẹni tó bá ti ibí fò sókè pé àmàlà ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ti sáré kọjá ẹ̀rí. Àwọn ará Ìgbó-Ọrà ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, wọn kò sanra, ìgbé ayé wọn sì yàtọ̀ sí ti Maywood lọ́nà púpọ̀. Àní ara títóbi àti iyọ̀ jíjẹ wà lára ohun tí Cooper àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà. Ìdí nìyí tí mo fi ka ìwádìí kẹta kún ju àwọn méjèèjì lọ, bí kò tilẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá rárá. Stephen O'Keefe mú àwọn aláwọ̀ dúdú 20 ní Pittsburgh, ó mú 20 mìíràn ní ìgbèríko Gúúsù Áfíríkà, ó sì pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń jẹ oúnjẹ ìgbèríko tí fáíbà pọ̀ nínú rẹ̀, tí ọ̀rá kò sì pọ̀. Àwọn ará Áfíríkà ń jẹ ẹran lílọ̀ inú búrẹ́dì àti ọ̀dùnkún díndín. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015: láàárín ọjọ́ 14 péré, àwọn àmì inú ìfun tó ń kìlọ̀ jẹjẹrẹ ti dínkù lára àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti pọ̀ sí i lára àwọn ará Áfíríkà. Kò sí ẹni tó rékọjá òkun nínú wọn. Ohun tó wà nínú àwo ló yí padà.

Ó wá kù ká bi ara wa léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwo tiwa. Àwọn ìṣirò tó jáde láìpẹ́ yìí fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà báyìí, èyí tó túmọ̀ sí pé a ti bá àwọn ará Maywood dọ́gba láìwọ ọkọ̀ òfuurufú. Síbẹ̀, orúkọ oúnjẹ wa kò tíì yí padà. Àmàlà ṣì ń jẹ́ àmàlà, ẹ̀fọ́ rírò ṣì ń jẹ́ ẹ̀fọ́ rírò. Ọkọ̀ àti ọ̀kadà ti gba ìrìn lọ́wọ́ wa, omi mímu ti di ọtí aládùn inú ìgò, òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò pàápàá kò dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo àbúlà, oúnjẹ tí Ìbàdàn fi ń ṣe fáàrí. Ewédú, gbẹ̀gìrì àti ọbẹ̀ ata ló para pọ̀ di í. Ewédú kún fún èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì A, ó ní fọ́léètì, irin àti kálísíọ̀mù; yíyọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ́ irú fáíbà kan tó ń yọ́ nínú omi, tó ń jẹ́ kí oúnjẹ rọra kúrò nínú ikùn kí ṣúgà má baà ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbẹ̀gìrì jẹ́ ẹ̀wà, nǹkan bí gíráàmù 23 nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ ló sì jẹ́ purotéènì. A bó èèpo rẹ̀ dànù, fáíbà díẹ̀ sì bá èèpo lọ, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣì tó nǹkan. Àmàlà tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sítáàṣì pátápátá. Sítáàṣì kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀; agbára tí à ń lò ni. Ibi tí ìjàǹbá ti ń wọlé ni pé àmàlà máa ń yó ènìyàn pẹ̀lú owó kékeré ju ọbẹ̀ lọ. Bí ọjà bá ti gbówó lórí, ìgbákọ àmàlà ni à ń fi kún un, ewédú á wá dínkù títí yóò fi di ohun tí a fi ń pa ojú àwo láró. Àwo tó ní ìgbákọ àmàlà mẹ́rin pẹ̀lú ṣíbí ewédú méjì ṣì ń jẹ́ àbúlà lẹ́nu, àmọ́ ara kò mọ orúkọ, ohun tó bá bá nínú àwo ló ń lò.

Ẹnì kan á ní ṣebí àwọn àgbà ló wí pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, tí wọn kò tilẹ̀ dárúkọ ọbẹ̀; ṣebí bàbá àgbà òun ń jẹ iyán lójoojúmọ́ tó sì gbó tó tọ́. Bàbá àgbà ń kọ ebè láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ẹni tó ń ná agbára tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti fi sítáàṣì rọ́pò rẹ̀, ojú oorun ni ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ yóò gbé tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, àwọn arúgbó tí a ń rántí ni àwọn tó là á já. Ìpíndọ́gba ọjọ́ ayé ọmọ Nàìjíríà ní 1960 kò tó 40 ọdún. Ikú ọmọdé ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ ká máa ka àwọn tó kù lẹ́yìn sí ẹ̀rí pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ló dára.

Àtakò kejì wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà: wọ́n ní irú òkèlè ṣe pàtàkì, nítorí náà wọ́n ti pa àmàlà iṣu tì, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni wọ́n ń jẹ. Lóòótọ́ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n ní sítáàṣì kan tí kì í tètè dà nínú ikùn, ṣùgbọ́n omi híhó tí a fi rò ó ń ba púpọ̀ nínú àǹfààní yẹn jẹ́. Wíìtì inú ọ̀rá náà, àfi bí èèpo ọkà bá ṣì wà nínú rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí sẹ̀mó. Mi ò sọ pé òkèlè kan kò sàn ju òmíràn lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé èrè inú pípààrọ̀ òkèlè kéré sí èrè inú dídín in kù àti fífi ọbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní 2015, Alpana Shukla àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York gbé oúnjẹ kan náà fún àwọn 11 tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jẹ búrẹ́dì wọ́n sì mu omi ọsàn, kí wọ́n tó wá jẹ adìẹ àti ẹ̀fọ́. Lọ́jọ́ kejì, adìẹ àti ẹ̀fọ́ ló ṣáájú. Lọ́jọ́ tí ẹ̀fọ́ ṣáájú, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn wákàtí kan fi bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ọjọ́ tí búrẹ́dì ṣáájú. Ènìyàn 11 kéré, a ò sì lè fi wọ́n ṣe òfin, àmọ́ ohun tí wọ́n rí bá bí ikùn ti ń ṣiṣẹ́ mu, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti dán an wò. Kí ènìyàn kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja inú àwo rẹ̀ kó tó bu òkèlè kìíní, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan ohun tí a fi ń mú ọbẹ̀ dùn, ibẹ̀ sì ni mo rò pé a ti pàdánù jù. Kí irú tó di irú, wọ́n á se hóró èso igi rẹ̀ fún wákàtí tó lé ní mẹ́wàá, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè ṣí, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá fi ewé bò ó mọ́ inú igbá tàbí agbọ̀n fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ooru rẹ̀ má jáde. Nínú òkùnkùn ibẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ti ń gé purotéènì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn wẹ́wẹ́ náà ni glutamate, ohun tí ahọ́n ń gbọ́ bí adùn ẹran. Òórùn tó ń lé àjèjì kúrò nílé ìdáná, amóníà tó ń jáde nígbà iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó fà á. Ní 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Tokyo tó ń jẹ́ Kikunae Ikeda rí i pé glutamate yìí kan náà ló wà nínú ewé òkun tí àwọn ará Jàpáánù fi ń se omi ọbẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún kejì, wọ́n ti ń tà á lábẹ́ orúkọ Ajinomoto. Àwọn ìyá onírú kò dúró de Tokyo.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé májèlé ni ajinomótò, wọ́n sì rò pé ìdí nìyẹn tí irú fi sàn jù ú lọ. Ẹ̀rí kò ti èyí lẹ́yìn. Ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín glutamate inú irú àti ti inú ọ̀rá. Iyọ̀ ló yẹ ká bá wíjọ́. Ẹyọ màgí kan ní ọjà wa máa ń tó gíráàmù mẹ́rin, ó sì wọ́pọ̀ kí ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ jẹ́ iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù márùn-ún iyọ̀ lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, látinú gbogbo ohun tó bá jẹ. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: bí ọbẹ̀ tí ènìyàn mẹ́rin fẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan bá gba màgí mẹ́rin, iyọ̀ tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ti tó gíráàmù méjì kí ẹni tó ń sè é tó nawọ́ sí ike iyọ̀ rárá. Búrẹ́dì àárọ̀ àti indómì alẹ́ kò tíì wọ inú ìṣirò yìí. Irú tí a kò fi iyọ̀ pamọ́ ń fún ọbẹ̀ ní adùn láìfi iyọ̀ sí i. Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn, purotéènì sì jẹ́ ẹ̀bùn lé e lórí. Bí irú pẹ̀tẹ̀ tí ẹ rà bá ní iyọ̀ nínú, ẹ tọ́ ọbẹ̀ wò kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Àwọn tó ní ọbẹ̀ láìsí màgí ń dà bí omi ń sọ òótọ́ nípa ọ̀sẹ̀ kìíní. Bí a bá dín iyọ̀ kù díẹ̀díẹ̀, ahọ́n á mọ́ ọn lára láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ọbẹ̀ àtijọ́ á wá máa ta ẹni náà lẹ́nu bí omi òkun.

Ẹ̀fọ́ rírò ni mo fi máa ń ṣàpẹẹrẹ ohun tí mò ń wí, nítorí òun ni ọbẹ̀ tí ilé kọ̀ọ̀kan lè fi bẹ̀rẹ̀. Fún ènìyàn mẹ́rin, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta epo pupa tó. Ẹ jẹ́ kó gbóná láìrú èéfín, kí ẹ da àlùbọ́sà sí i, lẹ́yìn náà ẹ̀kúnwọ́ irú wooro tí ẹ ti ṣà tí ẹ sì ti fọ̀. Ata rodo àti tàtàṣé tí ẹ gún tàbí lọ̀, tí omi rẹ̀ kò pọ̀, ló tẹ̀lé e. Kó dín títí òórùn ata tútù á fi lọ. Ẹja gbígbẹ àti edé á wọlé, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣáájú wọn, nítorí edé pàápàá ní iyọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀fọ́ ló kẹ́yìn, kó sì pọ̀ débi pé ẹ ó rò pé ìkòkò kò ní gbà á: ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀, ìdì ńlá mẹ́rin, tí yóò rọ̀ wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ohun tí ẹ bù sínú àwo gbọdọ̀ jẹ́ ewé tí ata dì mú, kì í ṣe ata tí ewé ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Bíbọ ẹ̀fọ́ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó mọ ọbẹ̀ sè, àwọn méjèèjì ló sì ní ẹjọ́ rò. Omi gbígbóná tí a dà nù ń gbé fítámì C àti fọ́léètì lọ, ó sì tún ń gbé púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní oxalate lọ, èyí tó wà nínú tẹ̀tẹ̀ àti gbúre, tó ń dí kálísíọ̀mù lọ́wọ́ láti wọ ara, tó sì lè dá òkúta sílẹ̀ nínú kíndìnrín ẹni tó bá ń ṣe é. Ìdájọ́ tèmi ni pé kí a bọ̀ ọ́ ní wéré, kí a má fún un bí ẹni fún aṣọ. Káún kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Sódíọ̀mù wà nínú rẹ̀ bí ó ti wà nínú iyọ̀, ó sì ń pa fítámì C àti B1 inú ewé, nítorí kí ewédú lè tutù yọ̀yọ̀ lójú nìkan. Ewédú tí kò gbó, tí a fi ìjábẹ̀ já dáadáa nínú omi díẹ̀, kò nílò káún. Ẹ̀wà tí a rẹ sómi mọ́jú kò nílò rẹ̀ náà.

Lórí epo pupa, ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn fi ń ṣìnà. Àwọn kan ń sá fún un bí ẹni sá fún ejò, àwọn kan sì ń dà á bí omi. Pupa inú rẹ̀ ni èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì A, ọ̀rá rẹ̀ sì ni irú èròjà bẹ́ẹ̀ tó wà nínú ewé ń gùn wọ inú ara. Ẹ̀fọ́ tí a sè láìsí epo rárá ń fi púpọ̀ nínú oore rẹ̀ ṣòfò. Àmọ́ nǹkan bí ìdajì ọ̀rá náà jẹ́ irú tó ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ga, ṣíbí ìjẹun kan sì ń gbé nǹkan bí kálórì 120 wọlé. Ṣíbí mẹ́ta fún ènìyàn mẹ́rin kò ní wàhálà. Ife epo kan ní wàhálà. Èyí tó burú jù ni ká gbé e sórí iná títí pupa rẹ̀ á fi lọ, bí wọ́n ti ń ṣe fún ayamásè, ọbẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ. Èròjà fítámì tí à bá torí rẹ̀ jẹ epo bá èéfín lọ, ọ̀rá nìkan ló dúró. Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ayamásè mọ́, torí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì jẹ ẹ́. Ìrẹsì ọ̀fadà tí a fi ń jẹ ẹ́ tilẹ̀ dára, nítorí wọn kì í bó èèpo inú rẹ̀ tán, fáíbà àti fítámì B rẹ̀ sì ṣẹ́ kù. Oúnjẹ òde ìgbéyàwó ni, kó dúró síbẹ̀.

Ẹ̀wà lílọ̀ fi ọ̀rọ̀ epo yìí hàn kedere ju ohunkóhun lọ. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, àwọn obìnrin tó ń ta acarajé, tí ìjọba kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè náà ní 2005, máa ń gbé abará kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àkàrà wa ni ọ̀kan, ọ̀ọ̀lẹ̀ wa, ìyẹn mọ́ínmọ́ín, ni èkejì. Ẹ̀wà kan náà ni, ọ̀kan rì sínú epo gbígbóná, èkejì jinná nínú ewé. Purotéènì inú wọn kò yàtọ̀, epo tí àkàrà fà mu ló mú ìyàtọ̀ wá. Bí epo tí alákàrà ń lò bá jẹ́ èyí tó ti dín dùǹdú láná, tó ti dúdú tó ń hó, ooru ti sọ ọ́ di ohun mìíràn tí ara kò fẹ́. Nítorí náà, mọ́ínmọ́ín àti èkuru ló yẹ kó jẹ́ oúnjẹ ẹ̀wà ojoojúmọ́, kí àkàrà jẹ́ ti òwúrọ̀ Sátidé. Èkuru kò tilẹ̀ gba epo àfi èyí tó wà nínú ata tí a fi jẹ ẹ́. Ẹ fi ewé eéran pọ́n mọ́ínmọ́ín bí ẹ bá rí i rà. Ọ̀rá ọjà lásán kì í ṣe ohun tí a ṣe fún omi híhó, èròjà inú rẹ̀ lè tú sínú oúnjẹ.

Wọ́n á ní gbogbo èyí rọrùn fún ẹni tó ń dáná fúnra rẹ̀, pé òṣìṣẹ́ tó ń jẹun níta kò ní àṣẹ lórí ìkòkò. Èmi rò pé búkà rọrùn láti bá ṣe ju bí a ti rò lọ, ó tilẹ̀ sàn lọ́nà kan ju àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé tó ń ta ìrẹsì àti adìẹ díndín. Níbi tí wọ́n ń ta àmàlà, bíi Amala Skye ní Bódìjà n'Íbàdàn tàbí Amala Shitta ní Sùúrùlérè l'Ékòó, ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìkòkò tirẹ̀, oníbàárà ló sì ń dárúkọ ohun tí wọ́n á bù fún un. Kò sí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí ìrẹsì tí wọ́n ti fi epo àti iyọ̀ sè pọ̀. Búkà tó dára ní àdúgbò yín, tí orúkọ rẹ̀ kò dé etí ẹnikẹ́ni, ẹ lè fi ojú àti imú mọ̀ ọ́n: òórùn irú á pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà, ọbẹ̀ òwúrọ̀ á tán ní ọ̀sán tí wọn kò sì ní bu omi sí èyí tó kù di ọ̀la, epo kò ní léfòó bo ojú ìkòkò débi tí a kò ní rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Omi ìfọwọ́ ń ṣàn níbẹ̀, kì í ṣe abọ́ omi kan fún gbogbo ènìyàn. Nípa ẹran, ẹja àti ògúnfe sàn ju pọ̀ǹmọ́ lọ. Pọ̀ǹmọ́ kò ṣe ènìyàn ní nǹkan bí wọ́n bá fi iná igi jó o, ṣùgbọ́n purotéènì inú rẹ̀ kò pé, torí kò ní tryptophan tí ara kò lè dá ṣe; èyí tí wọ́n sì fi táyà jó kì í ṣe oúnjẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, èmi kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí owó náà ń gbà lọ: ẹran ni, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni, kì í ṣe ìdì ewédú. Bí ìyá kan bá yọ ẹran kan nínú méjì kúrò, tó fi owó rẹ̀ ra ẹ̀fọ́, irú àti ẹ̀wà, oúnjẹ ilé náà á kún fún èròjà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láìfi náírà kan lé e. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ènìyàn jẹ ó kéré tán 400 gíráàmù ẹ̀fọ́ àti èso lójúmọ́; ìdí nìyẹn tí ìdì mẹ́rin fi wà nínú ìkòkò tí mo júwe lókè. Ìwádìí Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní DASH, tó jáde ní 1997, fi hàn pé oúnjẹ tí ẹ̀fọ́, èso àti wàrà tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ kún inú rẹ̀ mú ìfúnpá òkè wá sílẹ̀ ní bíi 11 lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, láìtíì fọwọ́ kan iyọ̀ wọn. Oògùn kan lè má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti wà lórí oògùn kò gbọdọ̀ tìtorí èyí dá a dúró láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún dúró níwájú ìkòkò ní búkà, ẹ ní kí wọ́n bu àmàlà ìgbákọ kan, méjì ó pọ̀ jù. Ẹ ní kí wọ́n fi ewédú àti gbẹ̀gìrì ṣe ìlọ́po méjì, kí wọ́n rọra ti epo ojú ọbẹ̀ ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó bù ú, kí wọ́n fi ẹja kan lé e, kí wọ́n sì gbé omi tútù wá dípò ìgò. Bí olóúnjẹ bá ní ọbẹ̀ tó lé yẹn lówó lórí, ẹ san án.